Ọ̀sẹ̀ Kan Létí Ọ̀sà: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò sí Ìwàyà àti Makoko

Ọjọ́ Àìkú

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Ìwàyà láti Ìbàdàn, nínú oṣù Kejì ọdún 2024, ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí àwa ọmọ ẹbí ń pè ní Màmá Ìwàyà, ni mo sì dé sí. Ohun tí mo bá wá kò ju pé kí n wo bí ayé ṣe ń lọ létí ọ̀sà Èkó, kí n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ bí etí omi náà ṣe ń sún, nítorí pé gbogbo ìgbà tí mo bá wá kí Màmá ni omi ti máa ń jìnnà sí ilé wọn ju bí mo ti fi í sílẹ̀ lọ. Wọ́n ní nígbà tí àwọn kọ́kọ́ kó débí, láti ojú fèrèsé yàrá ẹ̀yìn ni àwọn ti máa ń rí ọkọ̀ apẹja. Ògiri ilé ẹlòmíràn ni fèrèsé náà dojú kọ báyìí, lẹ́yìn ilé náà ni òmíràn, lẹ́yìn ìyẹn sì ni ṣọ́ọ̀ṣì kan.

Kí oòrùn tó wọ̀ ni mo rìn lọ sísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ìhà Yábàá wá yóò mọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ibi tí ilẹ̀ àtilẹ̀wá parí sí. Ọ̀dà á kọ́kọ́ tán, iyanrìn á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tí á máa ti ẹsẹ̀ padà bíi tìmùtìmù. Àwọn kan gbẹ́ ihò láti ri òpó iná sínú rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ wo inú ihò náà. Iyanrìn pupa ló wà lókè, kò nípọn ju ìka mẹ́rin lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rá, ike, àkísà àti ìkarahun wà, gbogbo rẹ̀ ti fún mọ́ra wọn. Lábẹ́ ìyẹn ni lẹ́búlẹ́bú pákó tí ó ti dúdú, omi sì ń sun jáde láti inú rẹ̀.

Oko Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta ni lẹ́búlẹ́bú pákó yìí ti wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń so gẹdú pọ̀ mọ́ra láti inú igbó Oǹdó àti Ògùn, tí wọ́n ń wọ́ ọ lórí omi wá sí sọ́míìlì tí ó wà níbẹ̀, ohun tí ayùn sì ń kù sílẹ̀ kò ní ibi tí ó ń lọ ju kí wọ́n sun ún tàbí kí wọ́n fi kún omi. Ìjọba ti kọ́ ibùdó mìíràn fún àwọn onígẹdú sí Agbówá-Ìkòsí, lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí sọ́míìlì bí ṣì wà níbí, àwọn ènìyàn sì ń sùn lórí rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé

Mo ti dé èbúté kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ẹ̀gùn kan tí Màmá bá mi bẹ̀ ló gbé mi wọ Makoko. Ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó sì ń fọhùn Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí Mushin. Ìdí ọkọ̀ ló dúró sí, tí ó ń fi ọ̀pá gígùn ti ìsàlẹ̀ omi, nítorí pé ọ̀sà kò jìn níhìn-ín, ìgbà tí omi bá sì fà, ibi púpọ̀ ni kò ní ju ìbàdí àgbàlagbà lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà, omi iyọ̀ láti inú òkun ti gòkè wọ inú ọ̀sà, nítorí náà koríko ojú omi tí ó máa ń dí ọ̀nà ọkọ̀ lásìkò òjò ti kú dànù. Láti ọdún 1984 ni koríko yìí ti gba ìhà Bàdágìrì wọlé, apẹja kan kò sì tíì rí ohun tí ó lè ṣe sí i ju pé kí ó dúró de iyọ̀.

Ìletò mẹ́fà ni àwọn ará ibẹ̀ máa ń kà sí ara wọn: Oko Agbon, Adogbo, Migbewhe, Yanshiwhe, Sogunro àti Apollo, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú Baálẹ̀ tirẹ̀. Àwọn Ẹ̀gùn tí wọ́n wá láti Bàdágìrì àti ilẹ̀ Olómìnira Benin ló pọ̀ jù, àwọn Ìlàjẹ láti etíkun Oǹdó sì wà láàárín wọn. Nínú ìrìn kúkúrú kan, mo gbọ́ Ẹ̀gùn, Yorùbá, Faransé àti Píjìn, mo sì gbọ́ ohùn obìnrin kan tí ó fi mẹ́ta nínú wọn bá ọmọ kan ṣoṣo wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ilé wọn dúró lórí òpó igi, pákó ni ògiri, páànù ni òrùlé. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré tí ọkọ̀ lè sún mọ́, orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń wẹ ọmọ, tí wọ́n ti ń pa àwọ̀n mọ́, tí wọ́n ti ń dirun. Olómi dé nígbà tí a wà níbẹ̀: obìnrin kan tí ó gbé táǹkì sínú ọkọ̀, tí ẹ̀rọ kékeré kan ń fa omi jáde fún un, ó sì ń fi họ́ọ̀sì rọ omi sínú kẹ́ẹ̀gì àwọn oníbàárà láì fi ẹsẹ̀ kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnikẹ́ni. Orí ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ kànga dẹ̀rọ tí ó ti ń bu omi náà sí, nítorí pé ọ̀sà tí ó yí wọn ká kò ṣeé dáná; iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ilé ìgbẹ́ sì wà lórí rẹ̀.

Atukọ̀ mi nawọ́ sí àyè kan tí kò sí nǹkan kan, ó ní ibẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ tó léfòó wà. Kunlé Adéyẹmí ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 2013: ilé onípákó alájà mẹ́ta tí ó gbòòrò nísàlẹ̀ tí ó sì ṣe ṣóńṣó lókè, tí àgbá ike 256 gbé dúró, kí ó lè máa bá omi lọ sókè sódò. Òjò ńlá ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2016 ló wó o lulẹ̀. Oṣù tí ó ṣáájú ni irú rẹ̀ kejì, tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice, gba ẹ̀bùn Silver Lion. Àwọn ará ibí kò fi ilé náà ṣe ẹlẹ́yà bí mo ti rò. Wọ́n ní àwọn àlejò tí ó fà wá ló jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ènìyàn ń gbé níbí. Ní tòótọ́, títí di ọdún 2019, nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò láti máa fi dúróònù ya àwòrán ibẹ̀ láti òkè, ọ̀pọ̀ máàpù ìgboro Èkó ni kò ní ju àwọ̀ omi lọ ní ibi tí ilé wọ̀nyí wà.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà ni wọ́n sì fi ń wo gbogbo ọkọ̀ tí ó bá gbé ẹni tí ó wọ bàtà aláwọ wọlé. Ní oṣù Keje ọdún 2012 ni ìjọba ìpínlẹ̀ fún wọn ní ìwé pé kí wọ́n kó kúrò láàárín wákàtí 72. Àwọn tí wọ́n rán wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ilé lulẹ̀, olóyè kan sì bá ìbọn kú kí iṣẹ́ náà tó dúró. Àwọn òpó irin tí ń gbé wáyà iná alágbára kọjá dúró sínú omi lẹ́bàá wọn, ilé sì ti kọ́ dé abẹ́ wáyà náà. Mo bi atukọ̀ mi bóyá ẹ̀rù kò ba àwọn tí ń sùn níbẹ̀. Ó dáhùn pé ẹ̀rù ìjọba ju ẹ̀rù iná lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Èéfín ni mo lò mọ́jú, èéfín ni mo fi jẹun ọ̀sán. Iṣẹ́ àwọn obìnrin ni ẹja yíyan, abẹ́ àtíbàbà onípáànù ni ààrò sì wà: àgbá irin tí wọ́n gé sí méjì, àwọ̀n wáyà lórí rẹ̀, iná èérún igi lábẹ́ rẹ̀. Ìyá kan gbà mí láyè kí n jókòó ti òun. Ó ká ẹja sórí wáyà, ó fi ìrù ẹja kọ̀ọ̀kan bọ ẹnu ẹja náà kí ó lè ká kò, kò sì wo ọwọ́ ara rẹ̀ rárá bí ó ti ń ṣe é. Ohun tí ojú rẹ̀ ń ṣọ́ ni iná, nítorí pé bí ọ̀rá ẹja bá ti kán sí i tí ó sì gbiná, gbogbo àwo yẹn á jó.

Mo rò pé àgbòdò, òbòkún àti ẹ̀pìyà inú ọ̀sà ni mo máa bá níbẹ̀. Wọ́n wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù lórí ààrò ni sáwá àti pàńla tí ó ti òkè òkun wá nínú yìnyín, tí wọ́n ń rà ní páálí. Ìtumọ̀ èyí ni pé dọ́là ló ń pinnu iye tí apá ìletò yìí yóò jẹ. Lóṣù yìí tí dọ́là kan ti lé ní 1,500 náírà, ìyá tí mo jókòó tì sọ pé páálí tí òun ń dá rà tẹ́lẹ̀, àwọn mẹ́ta ló ń dáwó rà á báyìí, tí wọ́n sì ń pín in sórí ààrò kan kí igi má baà ṣòfò.

Mo kọjá sí ọjà Aṣejẹre lọ́sàn-án. Ariwo ni, edé ni, akàn ni. Mi ò ní ohun púpọ̀ láti kọ nípa rẹ̀ ju pé kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ dúró sí àárín ọ̀nà.

Ọjọ́rú

Lónìí ni mo tẹ̀ lé àwọn oníyanrìn, ohun tí mo sì tìtorí rẹ̀ wá gan-an ni mo rí. Ọkọ̀ wọn gbòòrò ju ti apẹja lọ, àpò ìrẹsì àti tapólì tí wọ́n rán mọ́ra ni ìgbòkun rẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n mọ̀ pé iyanrìn dára sí, wọ́n ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, wọ́n so ọkọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì gbé àkàbà sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Ọ̀kan nínú wọn mí kanlẹ̀, ó di àkàbà mú, ó sì wọlé tòun ti korobá. Ó pẹ́ nísàlẹ̀ débi pé mo yí ojú sí ẹnìkejì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkejì ń jẹ gúgúrú. Nígbà tí ó yọ orí, ó gbé korobá lé etí ọkọ̀, wọ́n da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ wa. Omi ṣàn kúrò, iyanrìn kù, ó rí wóńwóń, ó sì mọ́ ju èyí tí mo máa ń rí níwájú ilé tí a ń kọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é láṣetúnṣe, tí wọ́n ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, títí etí ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba, tí mo sì ń ká ẹsẹ̀ mi jọ láìmọ̀.

Atẹ́gùn ló gbé wa lọ sí èbúté àwọn Ìlàjẹ ní Bárígà. Ìwọ̀nba ẹ́ńjìnì tí mo rí kò ṣiṣẹ́, nítorí pé lítà epo bẹntiróòlù ti lé ní 600 náírà láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwọn tí wọ́n ti ń fi ìgbòkun ṣe yẹ̀yẹ́ sì ti padà sídìí ìgbòkun. Ní èbúté, àwọn mìíràn ló ń fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn sókè, típà ń dúró, ó ń kún, ó ń lọ. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́ ìdajì Ṣómólú àti Bárígà, irú ìsàlẹ̀ ọ̀sà yìí ló ti wá.

Ṣùgbọ́n kò jìnnà sí wọn ni ọkọ̀ agbayanrìn kan wà, ẹ̀rọ tí ó ń fi páìpù fa iyanrìn pẹ̀lú omi pa pọ̀, tí ó ń tú u jáde sí ẹ̀bá kan tí wọ́n ti mọ odi yí ká. Ohun tí àwọn tí mo bá lọ fi gbogbo òwúrọ̀ kó, ẹ̀rọ náà ń tú u jáde kí ènìyàn tó parí gbólóhùn. Ihò tí ó ń gbẹ́ jìn ju ibi tí àkàbà lè dé, omi àyíká rẹ̀ sì dọ́gbọ̀n pupa. Àwọn apẹja tí wọ́n ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ sínú omi kí ẹja lè wá fi ibẹ̀ ṣe ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní àkàjà, ní láti ṣí i kúrò ní ìhà yẹn. Ẹja kì í dúró níbi tí ilẹ̀ ń yìnrìn lábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀

Òjò ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣú láì rọ̀. Mo rìn lọ sí etí ọ̀sà inú ọgbà Yunifásítì Èkó ní Akọkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962. Kọnkéré ni wọ́n fi mọ etí omi níbẹ̀, àga wà lábẹ́ igi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kàwé, àwọn olólùfẹ́ ń díbọ́n pé ìwé ni àwọn náà ń kà. Ọ̀sà kan náà ni. Èéfín Makoko hàn láti ibẹ̀. Etí omi tí wọ́n ti fi kọnkéré dè kò ní ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí i, mo sì tètè padà sílé.

Ọjọ́ Ẹtì

Mo gba orí afárá Third Mainland lọ sí Erékùṣù. Gígùn afárá náà jẹ́ kìlómítà 11.8, ọdún 1990 ni wọ́n ṣí i, òun náà ló sì sọ Makoko di ohun tí gbogbo ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń wò láti òkè lójoojúmọ́. Títún ni wọ́n ń tún un ṣe lásìkò yìí, nítorí náà ìrìn wa falẹ̀, mo sì ráyè wo ọ̀sà dáadáa.

Bí a ti ń sún mọ́ Erékùṣù ni Ìlúbìrin hàn: ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n fi iyanrìn dá láàárín omi, àwọn ilé gíga tí wọn kò tíì parí dúró lórí rẹ̀. Àwọn apẹja ti ń gbé lórí òpó níbẹ̀ rí. Láàárín 2016 àti 2017 ni wọ́n lé wọn, ní àkókò kan náà tí wọ́n lé nǹkan bí 30,000 ènìyàn kúrò ní Otodo Gbame, ní ìhà Lẹ́kí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé lílé tí wọ́n lé wọn bẹ́ẹ̀ lòdì sí ìwé òfin, ṣùgbọ́n nígbà yẹn kò sí ilé kankan tí wọ́n lè padà sínú rẹ̀ mọ́. Àwọn ará Maroko, àdúgbò mẹ̀kúnnù tí ó wà lẹ́bàá Victoria Island rí, tí wọ́n lé ní oṣù Keje ọdún 1990 kò tilẹ̀ rí ìkìlọ̀ tó ọjọ́ mẹ́jọ.

Lẹ́yìn Ìlúbìrin ni Banana Island wà, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1,630,000 mítà níbùú lóròó. Gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n fi iyanrìn ìsàlẹ̀ ọ̀sà dá. Mo dúró ní Ìkòyí mo wò ó fún ìgbà pípẹ́, ohun tí mo sì rò ni mo kọ yìí. Ẹni tí ó da lẹ́búlẹ́bú pákó sínú omi ní Ìwàyà kí ọmọ rẹ̀ lè rí ibi sùn àti ẹni tí ó fi ọkọ̀ agbayanrìn dá erékùṣù, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe: wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀sà. Ìjọba fún ẹnìkejì ní ìwé ẹ̀rí onílẹ̀, ó sì pe ti ẹni àkọ́kọ́ ní ìdọ̀tí tí ó dí ọ̀nà omi. Bí ó bá jẹ́ ti omi tí ó ní láti ríbi gbà ni à ń sọ, èwo nínú àwọn méjèèjì ló dí i jù? Mi ò sọ pé kí wọ́n máa da pàǹtí sínú ọ̀sà. Mo ti wo inú ihò òpó iná yẹn, ilẹ̀ tí mo rí níbẹ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin kan ló yẹ kí ó wà fún etí omi kan.

Mo sọ̀ kalẹ̀ dé Marina kí n tó padà. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ń kọjá lórí omi lọ sí ìhà Mile 2. Àwọn ọmọdé inú rẹ̀ lẹ ojú mọ́ gíláàsì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo padà sí Makoko láti dágbére fún atukọ̀ mi, mo sì bá a nínú omi dé àyà. Òpó ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pààrọ̀. Omi àti kòkòrò kì í jẹ́ kí òpó pẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn tí omi kò ga ni wọ́n sì máa ń yọ àwọn tí ó ti jẹrà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ri òpó tuntun: ènìyàn méjì á dì í mú, wọ́n á máa mì í sọ́tùn-ún sósì, wọ́n á máa fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ títí ẹrẹ̀ á fi gbé e mì dé ibi tí ó le. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tí kò sì mì mọ́, wọ́n á fi ọwọ́ gbá a, wọ́n á gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n á sì bọ́ sórí òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n náà fẹ́ fi yàrá kan kún ilé nítorí ìyàwó rẹ̀ tí ó lóyún, nítorí náà wọ́n ri òpó mẹ́rin sí ìhà ọ̀nà ọkọ̀. Aládùúgbò tí ó wà lódìkejì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ní Ẹ̀gùn, ẹ̀gbọ́n náà dá a lóhùn, kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ bíi mẹ́jọ fi dúró tí wọ́n ń wòran. Ẹnì kan lọ pe àwọn ènìyàn Baálẹ̀. Àgbàlagbà méjì ló wá nínú ọkọ̀ kan, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mú okùn dání. Wọ́n kí gbogbo ilé, wọ́n kí aboyún, wọ́n béèrè àwọn tí kò sí nílé, kí wọ́n tó sọ ohun tí ó gbé wọn wá.

Wọ́n na okùn láti òpó tuntun dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ òdìkejì. Ìlànà wọn ni pé ọkọ̀ ẹlẹ́ja ńlá méjì gbọ́dọ̀ lè kọjá lára ara wọn láì kan ilé ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ní kí ọkọ̀ méjì nínú àwọn tí ń wòran gbìyànjú rẹ̀ lójú gbogbo wa. Èkejì fi ìdí gbá òpó. Wọ́n dájọ́ pé kí òpó iwájú méjèèjì padà sẹ́yìn ní ìwọ̀n apá kan, kí yàrá náà sì jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ju bí wọ́n ti fẹ́ lọ, kí aládùúgbò pẹ̀lú yọ àgò edé tí ó so kọ́ etí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀, nítorí pé òun náà ti gba díẹ̀ nínú ọ̀nà láìsí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n kùn, ṣùgbọ́n ó wọ inú omi. Nígbà tí mo fi máa kúrò níbẹ̀ láti lọ bá ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn ní Alágoméjì, wọ́n ti yọ òpó kan, wọ́n sì ń mi èkejì.